Abẹ́rẹ́ Tí Ń Mú Ẹyin Jáde: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Tọkọtaya Mọ̀

Ní àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa, nígbà tí a bá ń dúpẹ́ fún àwọn ọmọ tuntun tí Olúwa fi jíǹkí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, àwọn kan a máa bá wa yọ̀ tí omi yóò sì lé ròrò sí wọn lójú. Nítorí wọn ni a ṣe kọ àlàyé yìí.

Lóṣooṣù, ẹ̀yà kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ obìnrin a máa tú hòmóònù FSH jáde, kí ẹyin lè dàgbà. Bí ẹyin bá gbó, hòmóònù kejì, LH, a ru sókè, ẹyin a sì jáde. Bí àwọn méjèèjì kò bá ṣe déédéé, nǹkan oṣù lè di ségesège, kí oyún sì ṣòro.

Ìbàdàn níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ti UCH ti ṣèwádìí nípa ìbejì ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1973, ó kọ ọ́ pé FSH pọ̀ lára àwọn ìyá ìbejì ju ti àwọn ìyá mìíràn lọ.

Dókítà sábà máa ń fi oògùn oníhóró bẹ̀rẹ̀, bíi clomiphene tàbí letrozole, fún ọjọ́ márùn-ún. Bí kò bá tó, abẹ́rẹ́ FSH ló kàn. Láti ara ìtọ̀ àwọn obìnrin tó ti dàgbà kọjá ọmọ bíbí, tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Ítálì wà lára wọn, ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ irú oògùn yìí. Àwọn tí kò bímọ ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ń wá ọmọ.

A ó máa fi skáànù wo ẹyin. Bí àpò rẹ̀ bá fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 18, a ó fún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ hCG, tí ń ṣe iṣẹ́ LH. Ẹyin yóò jáde ní nǹkan bíi wákàtí 36 sí 40 lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí dókítà bá ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ má ṣe sọ ọ́ di aago méjìlá.

Ewu rẹ̀ wà o. Ẹyin lè pọ̀ jù, kí ikùn wú, kí èébì máa gbé ènìyàn, kí mímí nira, kí ìtọ̀ sì dínkù. Ẹni tó bá rí èyí, kí ó yára lọ sí ilé ìwòsàn. Nítorí èyí, a kì í ra oògùn yìí ní Dùgbẹ̀ tàbí Agbowó nítorí pé aládùúgbò júwe rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣàyẹ̀wò àtọ̀ yín. Oògùn tí ìyàwó ń lò kò lè wo àìsàn ọkọ. Bí ọdún kan bá kọjá láìsí oyún, tàbí oṣù mẹ́fà bí obìnrin bá ti ju ọmọ ọdún 35 lọ, ẹ lọ rí dókítà.

Hánà gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́. Àdúrà àti ìtọ́jú kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín ìbéèrè kù fún àwọn ọmọ yín. Ẹ fi ìfẹ́ dúró tì wọ́n.