Òfin orí ayélujára: Ibo ni èrò ẹni parí sí, ibo ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Láàárọ̀, ó ti sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí gómìnà nítorí ọ̀nà tó bàjẹ́. Lọ́sàn-án, ó ní ẹni tó ń kọ́ ikọ̀ Super Eagles ò mọ iṣẹ́ ẹ̀. Kó tó di alẹ́, ó ti ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ń gbè sẹ́yìn ìjọba, ó sì ti fìbínú kọ̀wé sí àwọn tó ń ta dátà tó ń tán bí omi inú agbọ̀n. Irú èèyàn báyìí pọ̀ lórí Facebook, lórí X àti nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò. Kì í ṣe akọ̀ròyìn. Kò sí ọ̀gá tó ń ka iṣẹ́ ẹ̀ kó tó jáde, kò sì sí ẹni tó ń sanwó fún un. Fóònù ẹ̀ ni ọ́fíìsì ẹ̀.

Ìbéèrè tí àwọn olùgbọ́ máa ń béèrè lemọ́lemọ́ ni pé, ṣé wọ́n lè torí ohun tírú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ wá gbé e? Ìdáhùn kúkúrú ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì tún lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n máa ń fi gbé èèyàn ti yí padà láti ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ aráàlú ò mọ̀, òfin àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń bẹ̀rù. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn náà sì ń fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá pé wọ́n ń lo òfin náà bíi pé kò sí nǹkan tó yí padà.

Òfin wo gan-an ni?

Cybercrimes Act ni wọ́n ń pè é, ìyẹn òfin tó ta ko ìwà ọ̀daràn orí ayélujára. Ààrẹ Goodluck Jonathan ló buwọ́ lù ú ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, nígbà tó ku díẹ̀ kó gbé ìjọba sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé tìtorí àwọn gbájúẹ̀ àtàwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jalè ní báńkì ni wọ́n ṣe ṣe é, òótọ́ sì ni pé wọn ni púpọ̀ nínú òfin náà ń bá wí. Àmọ́ abala 24 inú ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn, ìyẹn ọ̀rọ̀ téèyàn bá fi ránṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2015, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ tó burú jáì tàbí ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe ránṣẹ́, ó ti lùfin. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé irọ́ ni ránṣẹ́ láti fi bí ẹlòmíràn nínú, láti fi bú u, láti fi ni ín lára, láti fi dá ìkórìíra sílẹ̀ tàbí láti fi kó o láyà sókè lásán, òun náà ti lùfin. Ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ló wà nílẹ̀, tàbí owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì pa pọ̀.

Ẹ tún un wò dáadáa. Ta ni inú ẹ̀ kì í bí bí wọ́n bá bá a wí lójú gbogbo ayé? Olóṣèlú wo ni wọ́n máa sọ pé kò ṣiṣẹ́ tí kò ní ní wọ́n bú òun? Apá tó sọ pé ọ̀rọ̀ burú jáì tiẹ̀ tún le jù, torí kò béèrè bóyá irọ́ ni tàbí òótọ́. Ọlọ́pàá tó gba ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ kan ló máa kọ́kọ́ pinnu bóyá ọ̀rọ̀ náà burú tó, ilé ẹjọ́ á wá dá sí i lẹ́yìn tí olùjẹ́jọ́ ti sun àtìmọ́lé.

Ní 2020, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé abala 24 yìí ta ko ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí. Ilé ẹjọ́ náà ní kí Nàìjíríà pa á rẹ́ tàbí kó tún un ṣe. Ó lé ní ọdún 3 kí àtúnṣe náà tó dé. Oṣù kejì ọdún 2024 ni Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu òfin tuntun tó ṣàtúnṣe sí ti àkọ́kọ́.

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni owó. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, báńkì àpapọ̀ CBN ní kí àwọn báńkì máa yọ náírà 5 lórí 1,000 náírà kọ̀ọ̀kan téèyàn bá fi ránṣẹ́, kí wọ́n máa kó o sápò ètò ààbò orí ayélujára. Inú òfin kan náà ni wọ́n ti fa owó yẹn yọ. Ariwo ta láti Sókótó títí dé Badagry, ìjọba sì dá a dúró láàárín oṣù kan náà. Owó ni gbogbo ayé rántí, kò sẹ́ni tó rántí abala 24.

Kí ló yí padà?

Nǹkan méjì péré ló kù ní ìbẹ̀rẹ̀ abala náà. Àkọ́kọ́ ni àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fi ránṣẹ́ nítorí kí ìlú lè dàrú tàbí kí ẹ̀mí èèyàn lè wà nínú ewu, tàbí tó mú kí ẹlòmíràn fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Bíbí ẹni nínú ti jáde kúrò níbẹ̀. Èébú ti jáde. Kíkóni láyà sókè náà ti lọ. Ìjìyà nìkan ni ò yí padà, ọdún 3 náà àti mílíọ̀nù 7 náà ṣì wà ńbẹ̀.

Ìyẹn ni pé tí wọ́n bá gbé èèyàn dé ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ irọ́, nǹkan mẹ́ta ni olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀: pé irọ́ ni, pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, àti pé torí kí wàhálà lè bẹ́ ló ṣe kọ ọ́. Ẹni tó gba irọ́ gbọ́ tó sì pín in ò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tó jókòó ti fóònù tó hun irọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé, "Ọ̀lẹ ni gómìnà wa, kò mọ ìjọba ṣe," èrò ni. Ó lè dun gómìnà wọra, àmọ́ abala 24 tuntun ò mú un. Bí ẹlòmíràn bá jókòó sílé tó wá hun ún pé àwọn kan láti ìlú kejì ń bọ̀ wá pa àwọn lálẹ́ òní, kí ọ̀dọ́ kó àdá jáde, òun gan-an ni òfin yìí ń wá. Láàárín àwọn méjèèjì ni ẹni kẹta wà, tó kọ ọ́ pé alága kan kó owó afárá jẹ. Tí kò bá ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ó ṣòro kí ìyẹn jẹ́ dída ìlú rú, ṣùgbọ́n alága lè pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́ kó sì gba owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ ẹ̀. Owó yẹn lè tó ohun téèyàn á ta ilẹ̀ san.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló yẹ kó tètè lóye èyí. "Rẹfirí yìí ò mọ iṣẹ́" jẹ́ èrò, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì máa sọ ọ́ lẹ́yìn ìdíje kan ṣoṣo. "Rẹfirí yìí gbowó lọ́wọ́ wọn" kì í ṣe èrò mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ tàbí tí kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì lè ní kéèyàn wá fẹ̀rí ẹ̀ hàn. Bíbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn pẹ̀lú "lójú tèmi" tàbí "wọ́n ní" ò sọ ẹ̀sùn di èrò. Ní ti òfin ìbanilórúkọjẹ́, ẹni tó bá tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ ti sọ ọ́ nìyẹn.

Èyí ò wá ní kéèyàn máa halẹ̀ mọ́ èèyàn o. Apá kejì abala 24 ṣì wà digbí, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn débi tí ìyẹn fi ń bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló ń wò yẹn, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 25 náírà. Èpè táwa Yorùbá máa ń fi inú dídùn tàbí ìbínú gbé fún ara wa, tó bá ti di ọ̀rọ̀ ikú sí ẹnì kan tí wọ́n dárúkọ ẹ̀, ó lè dà bí ìhalẹ̀ létí ọlọ́pàá tó ń wá ẹ̀sùn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé èèyàn láti Èkó lọ ìlú mìíràn?

Ìbéèrè yìí gbóná nígbà tí wọ́n mú agbẹjọ́rò Dele Farotimi ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá 2024, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Adó-Èkìtì. Ìwé tó kọ ló dá a sílẹ̀. Àgbà agbẹjọ́rò Afe Babalola ní ohun tó wà nínú ẹ̀ ba òun lórúkọ jẹ́. Ẹjọ́ méjì ni wọ́n gbé dìde: ọ̀kan lórí ìbanilórúkọjẹ́ ní kóòtù májísíréètì, èkejì lábẹ́ òfin orí ayélujára ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀. Farotimi lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní àhámọ́ kó tó gba béèlì. Ní oṣù kìíní 2025, Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀ àtàwọn ọba mìíràn dá sí i, Babalola sì gbà láti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjíròrò lórí ohun tí òfin sọ gan-an ò ṣe dé òpin ní kóòtù. Ó dáa fún àlàáfíà, kò dáa tó fún àwọn tó fẹ́ mọ ibi tí ààlà wà.

Abala 50 òfin náà ló dáhùn ìbéèrè ti ìrìnàjò yẹn. Ó ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà níbikíbi ní Nàìjíríà lè gbọ́ ẹjọ́ náà, ibi yòówù kí ẹ̀sùn náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó jókòó sí Ìkòròdú tó tẹ ọ̀rọ̀ lè bá ara ẹ̀ ní Àbújá. Ọwọ́ òfin náà tún gùn kọjá ẹnubodè, torí ó mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ láti òkè òkun nígbà tí ẹni tó ṣèpalára fún bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Kí àwọn ará wa ní London àti Houston má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ò sí ńbẹ̀.

Oṣù karùn-ún 2024, ìyẹn nǹkan bí oṣù méjì péré lẹ́yìn àtúnṣe náà, ni wọ́n mú Daniel Ojukwu, akọ̀ròyìn iléeṣẹ́ FIJ, ní Èkó, tí wọ́n gbé e lọ Àbújá lábẹ́ òfin kan náà. Ọjọ́ kìíní oṣù ni wọ́n mú un, ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n tú u sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ará ilé ẹ̀ àti ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ ò tiẹ̀ mọ ibi tó wà.

Tí wọ́n bá wá mú èèyàn ńkọ́?

Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ní ẹni tí wọ́n mú lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan títí á fi rí agbẹjọ́rò ẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un sínú ìwé, ní èdè tó gbọ́. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: ní èdè tó gbọ́. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá ló yé e, Yorùbá ni. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n ti í mọ́, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì ni, àyàfi tí adájọ́ bá rí ìdí tó fi yẹ kó jù bẹ́ẹ̀.

Òfin ACJA ti ọdún 2015 fi méjì kún un. Wọn ò gbọ́dọ̀ mú ìyá, ìyàwó tàbí ọmọ dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ mú èèyàn tìtorí aáwọ̀ tí kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀daràn. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀sùn tí àwọn alágbára ń kọ lórí ọ̀rọ̀ Facebook, aáwọ̀ irú ìyẹn gan-an ni.

Àwọn kan gbà pé orúkọ àdàpè máa gba àwọn. Abala 38 òfin orí ayélujára ní kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà wọn fún ọdún 2, káàdì SIM náà sì ti so mọ́ NIN. Orúkọ àdàpè lè fara pa mọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́. Kò lè fara pa mọ́ fún ọlọ́pàá.

Iléeṣẹ́ rédíò náà ò bọ́ lọ́wọ́ irú ewu yìí. Ní 2020, àjọ NBC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 náírà lé Nigeria Info l'Ékòó nítorí ọ̀rọ̀ tí àlejò kan sọ lórí afẹ́fẹ́. Ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùújá dájọ́ pé NBC ò láṣẹ láti máa fowó ìtanràn jẹ iléeṣẹ́ níyà. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé rédíò ní olóòtú, ó ní agbẹjọ́rò, ó sì ní bọ́tìnnì tó lè fi gé ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń dá kọ̀wé lórí fóònù ò ní ọ̀kankan nínú wọn.

Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá rí i pé ohun tóun kọ kì í ṣe òótọ́, pípa á rẹ́ nìkan ò tó, torí ẹlòmíràn ti lè ya àwòrán ẹ̀ pa mọ́. Kó kọ àtúnṣe síbi kan náà tó kọ ti àkọ́kọ́ sí, kó dárúkọ ohun tó ṣì sọ, kó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sínú gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tó ti fọ́wáàdì ọ̀rọ̀ náà sí. Bó bá fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti mọ òótọ́, kò ní lè sọ fún adájọ́ mọ́ pé òun ò mọ̀ pé irọ́ ni.