Ọmọ Kan, Dókítà Mẹ́rin: Ta Ló Ń Kó Ọ̀rọ̀ Jọ?

Tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bá pè mí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ohun tẹ́ ẹ sábà máa ń bi mí ni pé: "Prof, ọsibítù wo ló dáa jù?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a kì í sábà bèèrè: bí ọmọ náà bá ti rí dókítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tán, ta ló ń kó ọ̀rọ̀ gbogbo wọn jọ sójú kan? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ti ń forí ṣánpọ́n.

Ẹ jẹ́ n rán wa létí díẹ̀. Ní ọdún 1943 ni Dókítà Leo Kanner, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ìṣe wọn jọra: wọn kì í fẹ́ bá ènìyàn da nǹkan pọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ wọn yàtọ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ohun tó ti mọ́ wọn lára yí padà. Bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà ló fà á. Kì í ṣe àfiṣe, kì í ṣe àìkọ́ ọmọ, kò sì sí oògùn tó ń wò ó sàn.

Ṣé dókítà ò wá níṣẹ́ níbẹ̀ ni? Iṣẹ́ wà níbẹ̀ gan-an, torí ọ́tísíìmù kì í sábà dá rìn. Wárápá wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí ju láàárín àwọn ọmọ yòókù lọ. Ìgbẹ́ líle àti inú rírun máa ń yọ ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu. Àwọn mìíràn ò jẹ ju oúnjẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Oorun ńkọ́? Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ọmọ tiwa yìí ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àmọ́ tọmọ tìyá ni kì í sùn lóòótọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Dókítà tó ń tọ́jú wárápá wà ní ọsibítù ìjọba. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ wà ní òdìkejì ìlú. Dókítà eyín wà níbòmíràn. Kádì kálukú wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹnìkan ò rí ti ẹnìkejì. Ìyá ọmọ ló ń fi orí ara rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, bó ti ń tò lórí ìlà pẹ̀lú ọmọ tí ariwo ń dà láàmú.

Ohun méjì ló ń bàjẹ́ níbẹ̀. Èkíní, gbogbo nǹkan la máa ń kà sí ọ́tísíìmù lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún méje kan tí kò lè sọ̀rọ̀ ní àpẹẹrẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá ògiri, ó ń bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Wọ́n á ní, "Ó ti le sí i nìyẹn." Wọ́n á fi kún oògùn tó ń mú un rọlẹ̀, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Bẹ́ẹ̀, eyín tó ti jẹrà lè wà lẹ́nu rẹ̀, etí lè máa dùn ún, ó sì lè ti lo ọjọ́ márùn-ún láìyàgbẹ́. Ìrora ló ń sọ. Ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ ni kò sí. Tí ìṣe ọmọ bá yí padà lójijì, ara rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èkejì ni ti oògùn. Risperidone, tí àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2006 fún ìbínú àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, lè mú kí ọmọ máa jẹun jù, kó sanra, kó sì máa tòògbé. Valproate tí wọ́n ń lò fún wárápá lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Tí dókítà méjì bá kọ méjèèjì láìmọ̀ nípa ara wọn, ọmọ á máa sùn ní kíláàsì, olùkọ́ á sì ní kò fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o; ẹ jẹ́ kí dókítà méjèèjì rí orúkọ oògùn méjèèjì.

Ní 1967, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, gbé ọ̀rọ̀ kan jáde nítorí àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe: medical home. Kì í ṣe ilé téèyàn ń gbé o. Nígbà yẹn, kò ju ibì kan ṣoṣo tí gbogbo àkọsílẹ̀ ìlera ọmọ wà. Nígbà tó yá ló gbòòrò sí i: dókítà kan tó mọ ọmọ àti ẹbí rẹ̀, tó ń rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù, tó sì ń gba èsì padà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ò sì wọ́n.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí nìyí. Ẹ yan dókítà ọmọdé kan, kẹ́ ẹ sọ fún un pé òun lẹ fẹ́ kó ṣe olórí. Ẹ ra ìwé kan tó nípọn, tẹ́ ẹ ó máa gbé lọ síbi gbogbo. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tó ń ba ọmọ lẹ́rù àti bó ṣe ń fi hàn pé nǹkan ń dun òun. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti dókítà tó kọ ọ́. Ẹ kọ ìgbà tí wárápá gbé e àti iye ìṣẹ́jú tó lò. Ẹ kọ oorun, ìgbẹ́ àti bó ṣe wúwo tó. Ẹ lẹ èsì àyẹ̀wò etí mọ́ ọn, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn lè jọ ọmọ tí kò fẹ́ dáhùn, pàápàá bí ibà pọ́njú bá bá a jà gan-an nígbà tó wà ní ìkókó. Kí dókítà kọ̀ọ̀kan kọ ìlà méjì síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí kò bá ráyè, ẹ bi í, kẹ́ ẹ kọ ọ́ fúnra yín.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni dókítà fi ń rí ọmọ. Ẹ̀yin ń rí i lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ lè jẹ́ òun gan-an ni dókítà ń wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìyá máa ń rọra bi mí: "Tí mo bá kú ńkọ́?" Ìwé ò lè rọ́pò ìyá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àìsàn bá dá ìyá dúbúlẹ̀, tàbí tí ọmọ bá dàgbà kọjá ẹni tí dókítà ọmọdé ń tọ́jú, ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n tó bá mú ìwé náà dání á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Tẹ́ ẹ bá mọ òbí kan tó ń sáré kiri báyìí, ẹ bá a ra ìwé náà, kẹ́ ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ jọ kọ ojú ewé àkọ́kọ́.