Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Blẹ́ńdà kékeré àti wáráńtì rẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìyìn-Èkìtì, blẹ́ńdà kékeré tí à ń fi wáyà fóònù sháàjì, tí a fi ń lọ ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mu, ti já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Ẹ gbé e padà lọ sí Adó-Èkìtì níbi tí ẹ ti rà á, ọlọ́jà á ní àwọn kì í gba ọjà padà. Wọ́n tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sára rísíìtì!

Irọ́ ni o. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ní ọjà gbọ́dọ̀ dára, kó ṣeé lò fún iṣẹ́ tí a torí ẹ̀ rà á, kó sì lálòpẹ́ níwọ̀n tó bójú mu. Ọ̀rọ̀ orí rísíìtì ò lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá wà ní Ṣáínà ńkọ́? Ẹni tó tà á fún yín lẹ ó kọ́kọ́ dì mú. Bó bá kọtí ikún, ẹ fi ẹjọ́ sun FCCPC, àjọ tó ń mú òfin yẹn ṣẹ.

Bí blẹ́ńdà náà bá ń gbóná jù, ẹ má lò ó mọ́. Ní Oṣù Kejìlá 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.8 blẹ́ńdà kékeré BlendJet 2 ni wọ́n kéde pé kí wọ́n dá padà ní Amẹ́ríkà, torí ó lè gbiná, abẹ rẹ̀ sì lè kán.

Ẹ ya fídíò àléébù náà kí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan tó tú u. Bí wọ́n bá ti tú u, ọlọ́jà á di ẹ̀bi rù yín.