OÚNJẸ ỌMỌ TÍ A Ń JÁ LẸ́NU ỌMÚ NÍ ÌKÒRÒDÚ ÀTI Ẹ̀PẸ́

Kò sí ẹni tí ó mọ Ẹ̀pẹ́ dáadáa tí yóò pè é ní ìlú ebi. Ẹja tútù, ẹja gbígbẹ, edé àti akàn kún ọjà Olúwo. Láti Èjìnrìn títí dé Ìjẹ̀dẹ́ àti Bayékù ní ìhà Ìkòròdú, ọ̀sà wà níwájú, oko ẹ̀gẹ́ sì wà lẹ́yìn. Síbẹ̀, ní àárín ọ̀pọ̀ báyìí, a ń rí ọmọ ọdún méjì tí kò ga ju ọmọ ọdún kan lọ, tí apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé, wọn a dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni ìdílé wọn ti rí, wọn kì í ga." Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ìdílé ni ó fà á. Oúnjẹ ni. Ìwádìí tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Ti ìhà tiwa kéré sí ti Òkè Ọya lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtùnú kékeré ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ọmọ tirẹ̀ wà nínú iye náà.

Títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá nìkan tó o, láìsí omi, láìsí àgbo. Bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń kọ́ ni nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí ọmú má ṣe dẹ́kun, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó mọ́. Ibẹ̀ ni ògì ti ń wọlé.

A kò bú ògì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe é. A rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èérí tí ó kù lórí aṣọ, a dà á fún ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí ń mú ara dàgbà bá èérí lọ! Èyí tí ó kù, a tún fi omi púpọ̀ là á kí ó lè ṣàn. Ikùn ọmọ kéré. Bí omi bá ti kún un, kò sí àyè fún ohun mìíràn. Yóò yó, yóò sùn, ìyá yóò sì rò pé ọmọ jẹun. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, ẹ̀bà tàbí láfún ni yóò tẹ̀lé e. Ẹ̀gẹ́ ń fún ni ní agbára, ṣùgbọ́n ohun tí ń mọ ẹran ara àti egungun kò tó nǹkan nínú rẹ̀.

Obìnrin oníṣègùn kan, Cicely Williams, tí a bí ní Jàmáíkà, ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí. Ní 1933 ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí a ń fi àgbàdo bọ́, tí ara wọn ń wú, tí awọ wọn ń bó, tí wọ́n sì ń kú. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn Gá ń pè é han gbogbo ayé: kwashiorkor, èyí tí í ṣe àrùn tí ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Àwọn ìyá Gá ti mọ ìdí rẹ̀ kí oníṣègùn tó dé. A bí òmíràn, a gba ọmú lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, a kò sì fi ohun tí ó tó rọ́pò rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa náà mọ̀ ọ́n, nítorí náà ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ọmọ mu ọmú fún ọdún méjì sí mẹ́ta.

Ẹja ń bẹ. Ta ni ń jẹ ẹ́? Èyí tí ó tóbi lọ sí ọjà, nítorí owó ilé-ìwé àti owó gàrí wà lọ́rùn ìyá, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Nínú èyí tí ó dé inú ìkòkò, bàbá ni ó ni orí, àwọn ẹ̀gbọ́n pín ìyókù, ọmọ ọdún méjì a sì lá ọbẹ̀ lára òkèlè. Ẹyin ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Àwa kò tíì gbọ́ pé ilé ẹjọ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí ẹyin tí ó jẹ ní ọmọ ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi mú kí ó jí ẹran nínú ìkòkò pọ̀ ní ìlú.

Ojú ìyá kì í tètè rí ìfàsẹ́yìn ọmọ, nítorí ojoojúmọ́ ni ó ń rí i. Dókítà David Morley, tí ó dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, wá ọgbọ́n sí èyí ní Ìmẹ̀sí-Ilé. A ń wọn àwọn ọmọ láti oṣù dé oṣù, a sì ń fi àmì sí ìwọ̀n wọn lórí káàdì tí a fa ìlà sí. Ìyá fúnra rẹ̀ ni ó sì ń tọ́jú káàdì náà nílé. Bí àmì bá ń gun òkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró lójú kan fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ewu ti dé, bí ọmọ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Láti ìlú kékeré yìí ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ń tì í mọ́ inú àpótí títí di ọjọ́ abẹ́rẹ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì a tún máa fi tẹ́ẹ̀pù wọn apá ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà. Bí ìyíká rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, ara ọmọ ń joro. Bí kò bá tó 11.5, kí a má ṣe dúró de ọ̀la. Nílé, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá jin, tí kò sì tètè kún, ara rẹ̀ wú ni, kò sanra.

Kí ògì ọmọ ki, kí ó má ṣàn kúrò lórí ṣíbí. Kí a lọ edé gbígbẹ, tàbí ẹja gbígbẹ tí a ti yọ egungun rẹ̀, kí ó kúnná, kí a bù ú sí i pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ dára, ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀ dára. Ìkọ́kọrẹ́ tí a fi ẹja sè sàn fún ọmọ ju ẹ̀bà olómi ọbẹ̀ lọ, bí ata rẹ̀ kò bá pọ̀. Kí ọmọ ní àwo tirẹ̀, nítorí ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n yá ju tirẹ̀ lọ nínú àwo kan náà. Kí a sì bu ẹja tirẹ̀ kí a tó bu ti bàbá. Àwọn bàbá kan yóò fajúro sí èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fajúro títí di ọjọ́ tí a ó tún wọn ọmọ náà.