Ṣé o mọ̀? Waterloo kọ́ ni wọ́n ti ja ogun Waterloo

Ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ní alágbára kan ti pàdé Waterloo rẹ̀, èyíinì ni pé ó ti kan ẹni tí yóò dá a dùbúlẹ̀, kò wáyé ní Waterloo rárá. Ní pápá kan lẹ́bàá Mont-Saint-Jean, ní gúúsù abúlé Waterloo ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ọ̀ràn ti bẹ́yìn yọ fún Napoleon, ọba Faransé, a-rógun-yọ̀ tí ó mi Yúróòpù tìtì, ní ọjọ́ 18 oṣù Òkúdù, ọdún 1815, lẹ́yìn tí òjò òru ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀ tí àgbá ogun ń rì sí. Ilé èrò kan ní Waterloo ni Wellington, balógun Gẹ̀ẹ́sì, dé sí. Nígbà tí ó sì ń kọ ìròyìn ìṣẹ́gun ránṣẹ́ sí London, orúkọ abúlé tí ó wọ̀ sí, Waterloo, ni ó kọ sókè ìwé náà, orúkọ yìí ni ó sì mọ́ ogun náà lára.