Ẹlẹ́rìí Tó Ń Tú Inú Ẹ̀rọ fún Adájọ́

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, adájọ́ kan ní ìlú Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ Cisco san bílíọ̀nù 1.9 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Centripetal Networks. Owó yẹn ló ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ní tèmi, ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń torí wọn ṣẹjọ́ ni mo fi ń jẹun. Iṣẹ́ mi níbí ní Houston ni kí n máa to router àti switch, àwọn ẹ̀rọ tó ń darí ìsọfúnni láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, fún ilé-ìwòsàn, kí n máa so wọ́n pọ̀, kí n sì kọ òfin sínú wọn nípa ohun tó lè kọjá àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí màmá mi ní Ìwó bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an, màá ní, "Íntánẹ́ẹ̀tì ni, Màámi," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Adájọ́ ò lè gba irú èsì bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí onírin yẹn kó tó lè dá ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ìdájọ́ náà kà, ojú ìwé 167 gbáko, kí n lè rí bí wọ́n ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́.

Páténtì ló dá ìjà náà sílẹ̀. Páténtì ni ìwé-ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun, pé fún ìwọ̀nba ọdún, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ ṣe é tàbí kí ó tà á láìgba àṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, ogún ọdún ni, láti ọjọ́ tí a bá ti kọ̀wé béèrè fún un. Lápá ìparí ìwé náà ni àwọn gbólóhùn oní-nọ́ńbà kan máa ń wà tó sọ ibi tí ẹ̀tọ́ náà dé. Ẹni tó bá ní wọ́n jí iṣẹ́ òun lò gbọ́dọ̀ mú gbólóhùn kan, kó sì fi hàn pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ ẹnì kejì, yálà bó ṣe wà gẹ́lẹ́ tàbí ohun tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́nà kan náà. Bí gbólóhùn náà bá ní ohun márùn-ún, tí ẹ̀rọ náà sì ní mẹ́rin péré, ẹjọ́ ti fọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn páténtì Centripetal wò, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 806. Ohunkóhun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà ṣe fọ́tò, ì báà ṣe ohùn, ẹ̀rọ á gé e sí wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan là ń pè ní pákẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá fojú inú wo máígádì lẹ́nu géètì ẹ́sítéètì, tó mú ìwé orúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé dání. Ìwé tuntun dé. Bó bá ń jẹ́ kí èrò máa wọlé bó ṣe ń pààrọ̀ ìwé, olè lè bá wọn wọlé. Bó bá lé gbogbo èrò padà, àlejò rere á bá a lọ. Ohun tí páténtì 806 sọ ni pé kí máígádì dá ìwọlé dúró, kó ní kí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ṣì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó pààrọ̀ ìwé, kó kéde pé òun ti ṣe tán, kó tó wá fi ìwé tuntun yẹ àwọn tó ń dúró wò. Ìgbà gbogbo ni mò ń pààrọ̀ irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú router, iṣẹ́ ilé-ìwòsàn kì í sì í dúró. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rọ náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú akàn ni, àbí ṣe ló ń ṣe é lọ tó fi pààrọ̀ òfin? Èmi tí mò ń lò ó ò lè fojú rí i. Ẹni tó bá wo inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló lè sọ.

Ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí onímọ̀ ti wúlò. Ẹlẹ́rìí lásán, ohun tó ṣojú rẹ̀ ló lè sọ. Ẹlẹ́rìí onímọ̀ lè sọ èrò rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ àti ìrírí tó ní. Èyí kì í ṣe àjèjì sí wa: Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ọdún 2011, gbà kí ilé ẹjọ́ gbọ́ èrò ẹni tó mọ sáyẹ́ǹsì dunjú, bó ṣe gbà kó gbọ́ ti àwọn ọba àti ìjòyè lórí àṣà ìbílẹ̀. Ní àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Òfin 702 àti ìdájọ́ Daubert tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe ní 1993 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Adájọ́ gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀nà tí onímọ̀ náà gbà dórí èrò rẹ̀ wò, kó rí i pé ó ṣeé gbára lé.

Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kó tó dé kóòtù. Ilé-iṣẹ́ kò ní fi kóòdù ẹ̀rọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá a ṣẹjọ́. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, nínú yàrá títì pa. Onímọ̀ náà á fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ níta, á jókòó kà á, ìwọ̀nba ojú ìwé ni wọ́n sì máa gbà kó tẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, á kọ ìròyìn gígùn, á wá jókòó níwájú lọ́yà ẹnì kejì, tí yóò máa da ìbéèrè bò ó fún odindi ọjọ́ kan. Wákàtí méje ni òfin fi sí i. Owó wákàtí ni wọ́n ń san fún un, ẹni tó pè é ló sì ń san án. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ so owó rẹ̀ mọ́ bóyá wọ́n jàre tàbí wọ́n jẹ̀bi.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀. Kòrónà ti lé kálukú wọlé, Adájọ́ Henry Coke Morgan sì ní orí Zoom ni kí wọ́n ti ṣe é. Cisco ò fẹ́ bẹ́ẹ̀; bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn ló ni Webex, tí í ṣe orogún Zoom. Kò sí ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń bá adájọ́ dá ẹjọ́. Adájọ́ nìkan ló fi ọjọ́ méjìlélógún gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti yunifásítì ńláńlá ló wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò sì sí ẹni tó kéré nínú wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú Morgan ni ohun tí wọ́n gbé dání. Àwọn ti Centripetal ń tọ́ka sí ìwé àlàyé tí Cisco fúnra rẹ̀ kọ fún àwọn oníbàárà, irú èyí tí èmi náà ń ṣí bí iṣẹ́ bá dojú rú. Àwọn ti Cisco ń fi àwòrán tó ń rìn hàn án, èyí tí wọ́n yà nítorí ẹjọ́ náà. Morgan kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ìwé Cisco ń ta ko ẹlẹ́rìí Cisco. Ó ní Cisco tẹ páténtì mẹ́rin lójú nínú márùn-ún.

Ó wá ku owó. Onímọ̀ kan ka iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ó sì ya èyí tó jẹ́ ti páténtì sọ́tọ̀, nítorí kò tọ́ kí a gba owó lórí odindi router nítorí apá kan ṣoṣo. Owó ọjà tó kù lẹ́yìn ìyàsọ́tọ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 7.55 dọ́là. Adájọ́ fi owó ìlò ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó di mílíọ̀nù 755. Ó ní Cisco mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àbọ̀. Èlé ló kù tí wọ́n fi kún un.

Àmọ́ ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, tí Morgan ti kọ púpọ̀ nínú ìdájọ́ náà, ó rí i pé ìyàwó òun ní ìpín 100 nínú Cisco, tí iye rẹ̀ kò tó 5,000 dọ́là. Ó sọ fún tọ̀tún tòsì. Cisco ní kó yẹra. Kò yẹra, kò sì ta ìpín náà. Ó fi í sọ́wọ́ olùtọ́jú tí kò ní bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹjọ́ tó dá kó Cisco sí gbèsè, síbẹ̀ òfin ò wo ẹni tí ìdájọ́ ṣe láǹfààní. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní bó ti wù kí ìpín kéré tó, adájọ́ tí ìdílé rẹ̀ ní in kò gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ náà. Wọ́n wọ́gi lé ìdájọ́ bílíọ̀nù náà, wọ́n sì gbé ẹjọ́ fún adájọ́ mìíràn.

Adájọ́ Elizabeth Hanes ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni páténtì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó ní Cisco kò tẹ èyíkéyìí lójú nínú àwọn páténtì tó ṣẹ́ kù níwájú òun.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní èyí fi hàn pé ẹ̀tàn ni gbogbo ẹ̀rí onímọ̀, pé ẹni tó bá lówó ló ń ra ọ̀jọ̀gbọ́n. N kò gbà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n ń ta ko ara wọn níwájú adájọ́ sàn ju ọ̀kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ ńlá gbé kalẹ̀ lọ. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ọ̀rọ̀ kéékèèké inú páténtì, irú bíi "dá dúró", ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ, àti pé ọlọ́gbọ́n méjì lè wo ẹ̀rọ kan náà kí ẹnì kan ní ó dúró, kí ẹnì kejì ní kò dúró. Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan jàre tàbí jẹ̀bi lórí ẹ̀rọ tí ẹ ò mọ̀, ẹ má béèrè pé ọ̀jọ̀gbọ́n ta ló mọ̀wé jù. Ẹ béèrè pé ọ̀rọ̀ wo nínú páténtì náà ni wọ́n ń jà lé lórí, àti pé ìwé wo ló fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣe é.