Kòkòrò Tí Ó Gba Ẹ̀gẹ́ Là

Kò sí ìlú tí a lè dé tí gàrí kì í bá wa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba nínú wa ni ó mọ̀ pé díẹ̀ ni ó kù kí ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe é bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní nǹkan bí 1973 ni a kọ́kọ́ kẹ́ẹ́fín kòkòrò kékeré kan lára ẹ̀gẹ́ ní agbègbè odò Kóńgò. Ara rẹ̀ funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Oje ewé ni ó ń fà mu. Ọ̀mùnú ewé a ká jọ, ẹ̀gẹ́ kò sì ní ta dáadáa mọ́. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ó ti dé oko àwọn baba wa. Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá, ni ó ti wá. Àwọn ọ̀tá tí ń pa á lọ́hùn-ún ni kò bá a wá.

Oògùn apakòkòrò ńkọ́? Àgbẹ̀ olóko kékeré kò lówó rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ rí i rà, yóò pa oyin àti àwọn kòkòrò mìíràn tí ń ṣe wá lóore. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tí Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ṣáájú wọn, ṣe pinnu láti wá ọ̀tá náà lọ sí ìlú rẹ̀.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wà. Kòkòrò tí a kọ́kọ́ rí ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà jọ tiwa bí ìbejì, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò ran tiwa. Nígbà tí àwọn amòye yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ẹ̀yà mìíràn ni: tọ̀hún ní akọ àti abo, tiwa kò ní akọ rárá. Ní 1981 ni Tony Bellotti rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay, a sì tún rí agbọ́n kan níbẹ̀ tí kò tó hóró ìrẹsì. Agbọ́n yìí a yé ẹyin sínú kòkòrò náà, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ ẹ́ láti inú. Ní ọdún náà gan-an ni a tú u sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Láàárín ọdún mẹ́wàá ó ti dé orílẹ̀-èdè tó ju ogún lọ, ẹ̀gẹ́ sì tún ta. Ní 1995, Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ kòkòrò kò lè bá a jà. Lónìí, IITA ní ilé àkójọ kòkòrò nítòsí Kùtọnu, níbi tí òkú kòkòrò tó ju 300,000 wà, tí a kọ orúkọ wọn sí ìdí wọn. Ní 2016, nígbà tí ọmọ àfòpiná kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí jẹ àgbàdo wa, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dá a mọ̀.

Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ yìí lọ́la? Àwọn ọmọ wa ni. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń mú labalábá sínú ìgò, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ rán an lọ sí ibi tí yóò ti kọ́ ọ. Ó lè jẹ́ òun ni yóò gba oúnjẹ ọmọ ọmọ wa là.